Àpótí Tí Ó Ń Pín Ohùn

Búláòsì kẹrin ni Màmá ń ká sínú báàgì nígbà tí Ẹnjíníà, ọmọ ẹ̀, pariwo láti abẹ́ tábìlì tẹlifíṣọ̀n pé, "Ẹ fún mi di aago márùn-ún!" Tọ́ọ̀ṣì ló gbé há ẹnu, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀hún jáde bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ahọ́n ẹ̀ wú. Màmá ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Aago márùn-ún náà ni mọ́tò ń bọ̀," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ti rán awakọ̀ sí mi. Ṣé kí n ní kó padà ni?"

Ẹnjíníà yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Tí ẹ bá wá ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n kó tó dé ńkọ́, Màmá? Kí Bàbá máa gbọ́ tiwọn, kí ẹ̀yin náà máa gbọ́ tiyín?"

Màmá gbé búláòsì náà lé itan, ó rò ó. Aránṣọ ni, ṣùgbọ́n aránṣọ tí kì í purọ́ ọjọ́ fún oníbàárà ni, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé irú wọn ò pọ̀. Tó bá ti ṣèlérí, ó parí nìyẹn. "Tí mo bá gbọ́ ohun tí bàbá ẹ ń gbọ́ nínú ilé yìí lónìí, màá tú ẹrù. Tí mi ò bá gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè mí. Mi ò ní bínú, mi ò ní pariwo. Màá kàn lọ ni."

Ohun tó já Ẹnjíníà láyà ni pé Màmá ò pariwo lóòótọ́. Tí Màmá bá ń pariwo, kí gbogbo ilé fọkàn balẹ̀. Ìgbà tó bá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ ni kí ẹ wá nǹkan dì mú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò le, ó kàn ti pẹ́ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ìyẹ̀fun, ẹ̀rọ náà sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ etí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù méje sẹ́yìn, ó ra hẹ́dìfóònù ńlá kan tó bo etí méjèèjì, ó tì í bọ ìdí tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn tó kù nínú ilé ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, torí pé tẹlifíṣọ̀n tiwọn, tí hẹ́dìfóònù bá ti wọ ìdí ẹ̀, ńṣe lẹnu ẹ̀ ń pa dé.

Màmá a máa jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ ẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, lẹ́yìn àga Bàbá, a máa wo àwọn èèyàn tó ń la ẹnu lásán. Ó bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkọ ò dáhùn. Ó béèrè ohun tí wọ́n sọ nínú ìròyìn, ẹ̀yìn orí lọkọ kọ sí i. "Àga ni mo dà nínú ilé yìí," ló sọ fún ọmọ ẹ̀ lánàá. "Àga gan-an sàn jù mí lọ, wọ́n ń jókòó lé e." Nígbà tó sọ sí Bàbá létí pé òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, pé òun ò mọ ìgbà tí òun máa dé, Bàbá wò ó lójú, ó ní, "Ó dáa, bá mi kí wọn," ó sì gbé hẹ́dìfóònù padà sétí. Díẹ̀ ló kù kí Ẹnjíníà já wáyà ọ̀hún dànù.

Kì í ṣe pé ó kàwé di ẹnjíníà o. Àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń tún rédíò ṣe, kò sì sí sípíkà tó dákẹ́ ládùúgbò náà tí kì í gba ọwọ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ẹni tó ń la ohùn fún ilé onílé, oṣù méje ni ilé tiẹ̀ fi yadi.

Lánàá, ó rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó wá wáyà olórí kan onírù méjì, ó tì í bọ tẹlifíṣọ̀n, ó fún hẹ́dìfóònù Bàbá ní ìrù kan, ó fún sípíkà àtijọ́ kan ní ìkejì. Ojú tì í. Sípíkà yẹn gbé gbogbo ohùn mì bí ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, hẹ́dìfóònù Bàbá sì wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Bàbá yọ ọ́ lórí, ó ní wọ́n ti ba nǹkan òun jẹ́. Kò yẹ kó ya Ẹnjíníà lẹ́nu. Tí ẹni méjì bá jọ ń mu láti inú ife kan, ẹni tó lọ́fun ńlá ló ń yó.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lónìí, áísì ló kó jáde sórí tábìlì iṣẹ́ ẹ̀ ní yàrá iwájú, ó sì fa wáyà gígùn kan wá síbẹ̀ láti ìdí tẹlifíṣọ̀n. Èèlò dúdú kékeré kan tó máa ń wà nínú rédíò ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ká kúkú sọ pé ẹni méjì ló ń gbé inú ẹ̀. Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n tẹ́tí sí ohùn tó ń bọ̀, kí wọ́n sì tún un sọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Ohun tí Ẹnjíníà fẹ́ràn lára wọn ni pé wọ́n á gbọ́, wọn ò sì ní bù jẹ nínú ohun tí wọ́n gbọ́. Agbára bátìrì ni kálukú wọn fi ń sọ tiẹ̀ jáde. Ẹnì kan á máa sọ fún Bàbá, ẹnì kejì á máa sọ fún inú rédíò àtijọ́ kan tó máa gbé e fún sípíkà. Ẹni tó bá lọ́fun ńlá kó máa mu tiẹ̀ lọ, kò kan ẹnì kejì.

Ó jó léèdì láti fi lẹ wáyà mọ́ra, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gé wáyà, ó tún un gé. Ní aago kan, ó tan án. Sípíkà ní "tọ́ọ̀!", ó dákẹ́. Àṣé ó ti fi ẹsẹ̀ kejì áísì náà ṣe ẹsẹ̀ kẹta. Ó bú ara ẹ̀ dáadáa, ó tú u, ó tún un jó. Ní aago méjì, ohùn jáde.

Ohùn jáde, àmọ́ nǹkan kan ń kùn lábẹ́ ẹ̀. Gírrrr. Á dákẹ́. Gírrrr, gírr. Ẹnjíníà mọ ariwo yẹn bí ẹni mowó. Maṣíìnì Màmá ni. Màmá tó ti di ẹrù tán ò lè fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ láìparí, ó sì ti jókòó ti aṣọ kan. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan náà ni maṣíìnì àti tẹlifíṣọ̀n jọ ń lò, bí mọ́tò inú maṣíìnì bá sì ti ń yí, ariwo ẹ̀ á gba ara iná lọ bá ohùn. A jẹ́ pé láti oṣù méje ló ti ń ha Bàbá létí, bàbá arúgbó náà kò sì sọ fún ẹnì kankan. Àánú ẹ̀ ṣe é, inú tó sì ti ń bí i sí i láti àná rọ̀ díẹ̀. Ó yọ maṣíìnì kúrò nínú ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, ó tì í bọ iná ara ògiri kejì. Ó fi kapásítọ̀ tó ń gbé irú ariwo bẹ́ẹ̀ mì há ẹnu wáyà ẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà ohùn sí èyí tí wọ́n fi okùn bàbà hun láṣọ. Ó tún tẹ́tí. Maṣíìnì ń sáré, ohùn sì mọ́ lóló. Kò sí kíkùn, kò sí híha. Ó jó yípo àga ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ní aago mẹ́ta àbọ̀, ó gbé àpótí náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó so ó pọ̀, ó na hẹ́dìfóònù sí Bàbá.

"Ṣé o ò tíì bà á jẹ́ tán ni?" Bàbá béèrè, pẹ̀lú ohùn tó lè jí ará ilé kẹta. Kò mọ̀ pé òun ń pariwo. Ó gbé e sétí, ojú ẹ̀ là. Ó tún wo sípíkà, ó rí i tó ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn ẹ̀, Màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Ọkùnrin tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé agbábọ́ọ̀lù kan sáré bí ẹni tí wọ́n jí bàtà ẹ̀ gbé, Màmá sì rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Ẹnjíníà béèrè.

"Mo gbọ́ ọ. O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti ṣèlérí, màá tú ẹrù." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. "Jẹ́ kí n rán etí aṣọ yìí tán ná."

Kò wo ibi tí báàgì wà. Ẹ̀yìn orí ọkọ ẹ̀ ló wò, ó sì tẹ maṣíìnì padà. Inú Ẹnjíníà tó ti ń dùn kan ìdènà. Ó rí i kedere pé Màmá lè tú ẹrù, kó dúró sínú ilé, kó sì ti lọ síbẹ̀síbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni òun fún un. Ṣé tẹlifíṣọ̀n ló ń wá?

Kò tíì rí èsì ìbéèrè yẹn nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí àga. Ó yọ hẹ́dìfóònù, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e padà. Ó fi ìka gbá a, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, kò tilẹ̀ mọ̀. Lójijì ó dìde fùú láìbojú wẹ̀yìn. "Ó ti lọ!" ó ké. "Mọ́tò ti gbé e lọ!" Ó ré kọjá lára Ẹnjíníà pẹ̀lú hẹ́dìfóònù lọ́rùn, wáyà fa àpótí já bọ́ sílẹ̀ gbì, Bàbá sì bọ́ sígboro láìwọ bàtà, lọ́jọ́ orí méjìdínláàádọ́rin.

Aládùúgbò kan ń fọ mọ́tò níwájú ilé kejì. Bàbá di ilẹ̀kùn mọ́tò náà mú. "Ṣí i! Gbé mi tẹ̀ lé wọn!"

"Ta ni ká tẹ̀ lé, Bàbá?"

"Ìyàwó mi! Wọ́n ti gbé ìyàwó mi lọ! Bí mo ṣe jókòó bí òmùgọ̀ náà ló ṣe lọ!"

Gbogbo òpópónà ló gbọ́. Fèrèsé mẹ́ta ló ṣí. Fèrèsé kẹrin ni tiwọn, Màmá sì yọjú níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn àti síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Aládùúgbò náà wò ó, ó wo Bàbá, ó fi kànrìnkàn tó ń kán sílẹ̀ nàka. "Bàbá, ṣé ẹ ní ìyàwó míì ni?"

Bàbá yíjú padà. Ó rí i. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀ rántí pé òkúta wà nílẹ̀, ó sì ń tiro wọlé bí adìẹ tí òjò pa. Ẹnjíníà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, kò sì fi gbogbo ara mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

"O wà níbẹ̀," Bàbá sọ fún ìyàwó ẹ̀.

Màmá sún mọ́ etí ẹ̀ ọ̀tún, èyí tó sàn díẹ̀. "Ibo ni kí n wà? Aṣọ ni mò ń rán!"

"Mi ò gbọ́ ẹ mọ́. Ó kàn dákẹ́ wáí."

"Ẹ kì í gbọ́ mi tẹ́lẹ̀!"

"Mò ń gbọ́ maṣíìnì ẹ." Bàbá gbé hẹ́dìfóònù ọrùn ẹ̀ sókè. "Ó máa ń wọ inú nǹkan yìí. Gírrr, gírrr. Tí o bá dúró fi òwú sí abẹ́rẹ́, mo mọ̀. Tí inú bá ń bí ẹ, o máa ń sá eré lé e, mo mọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun o rán nǹkan kan tó gùn, tó gùn, tí ò parí. Kọ́tìnì ni àbí?"

"Kọ́tìnì ni," Màmá sọ. Kò sọ ọ́ sókè, àmọ́ Bàbá rí ẹnu ẹ̀.

"Mo ní bí maṣíìnì bá ṣì ń dún, o ò tíì lọ nìyẹn."

"Ẹ ní kí n bá yín kí wọn! Mo ní mò ń lọ, ẹ ní kí n bá yín kí wọn!"

"Kí ni kí n sọ? Etí mi ló ń lé ọ jáde. Ṣé kí n wá fi okùn dè ọ́ mọ́lẹ̀ ni? Ojú ń tì mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí o bá sọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mò ń ní kí o tún un sọ. Mo ní kí n yé dá ọ lágara."

Màmá jókòó sórí apá àga Bàbá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí láti ìgbà tí Ẹnjíníà ti gbọ́n. Ó yọ òkúta kékeré kan kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ọmọ ẹ̀.

"Ẹnjíníà, dá ariwo yẹn padà."

"Màmá, ariwo yẹn ò dáa. Àléébù ni, tọkàntara ni mo fi yọ ọ́ kúrò."

"Mo ti gbọ́. Dá a padà."

"Tí mo bá dá a padà gba ibi tó gbà tẹ́lẹ̀, sípíkà tiyín náà á máa kùn." Ó gbé àpótí nílẹ̀, ó wò ó, igun kan ti wó, inú ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ó wo aago. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fún un lọ́nà tiẹ̀. Máìkì. Tí mo bá so máìkì mọ́ ọrùn maṣíìnì, ohùn tiyín náà á bá a wọlé. Etí Bàbá nìkan ló máa lọ."

Áísì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn méjì inú ẹ̀, ó fi ẹnì kan sídìí máìkì kó máa gbé ohùn tó kéré sókè, ó fi ẹnì kejì síbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé. Rẹsítọ̀ kan, èèlò bíńtín tó ń dín agbára iná kù, gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n wá, rẹsítọ̀ kan gbé máìkì wá, ẹsẹ̀ áísì kan náà ni wọ́n jọ já sí. Adùn ibẹ̀ ni pé áísì náà kì í jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti pàdé mì rárá, nítorí náà kò sí èyí tó lè ti ìkejì padà sẹ́yìn. Tẹlifíṣọ̀n ò ní mọ̀ pé ẹnì kan bá òun wọlé. Ní ìdojúdé ni ohùn méjèèjì á sì jáde, àmọ́ etí ò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí.

Màmá gbé tọ́ọ̀ṣì fún un. Bàbá ń béèrè ní ìṣẹ́jú méjì-méjì pé ó kù bí mélòó. Nígbà tí Ẹnjíníà ń de bọ́tìnnì méjì tí wọ́n ń yí mọ́ ara àpótí, Màmá nàka sí ìkejì.

"Kí lèyí wà fún?"

"Òun ló ń gbé ohùn tiyín sókè, òun náà ló ń sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ọwọ́ ta ló sì máa wà?"

"Ọwọ́ Bàbá."

"Háà! O ti fi mí lé ọ̀tá lọ́wọ́. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n á pa mí bí iná."

"Kí ló wí?" Bàbá béèrè.

"Wọ́n ní ẹ jẹ́ èèyàn dáadáa, Bàbá."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago márùn-ún lù nígbà tí Bàbá gbé hẹ́dìfóònù sétí. Màmá jókòó sídìí maṣíìnì, ó wo máìkì tí wọ́n fi rọ́bà dì mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni tó ń wo àlejò, ó tẹ ẹsẹ̀. Gírrrr. Bàbá di ojú. Èjìká ẹ̀ méjèèjì wálẹ̀, Ẹnjíníà kò sì mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé òkè ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

"Fèrè mọ́tò," Bàbá sọ.

Àwọn méjèèjì wò ó. Òótọ́ ni. Níta, mọ́tò kan ń fọn fèrè. Ó gba ojú fèrèsé wọ máìkì, ó gba máìkì wọ etí ẹni tí kò gbọ́ fèrè mọ́tò láti ọdún kan. Bàbá yọ hẹ́dìfóònù, ó wọ bàtà lọ́tẹ̀ yìí, ó jáde fúnra ẹ̀. Kò sì sí ẹni tó nílò láti yọjú kó tó gbọ́ ohun tó bá awakọ̀ náà sọ. "Ẹ máa lọ, ọ̀gá! Kò sẹ́ni tó ń lọ mọ́. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n wa pé lọ́jọ́ Àìkú, àwa méjèèjì là ń bọ̀!"

"Ta ló bi í?" Màmá sọ, àmọ́ ó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó dìde, ó fa síìpù báàgì sílẹ̀, ó kó àwọn búláòsì náà lé apá, ó kó wọn padà síbi tí wọ́n ti ń gbé. Nígbà tó dé, ó fa aṣọ oníbàárà wá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá ti jókòó. Bọ́ọ̀lù ti wọ ìdajì kejì.

Ẹnjíníà fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn méjèèjì dọ́gba. Ó mú hẹ́dìfóònù tó fi ń ṣiṣẹ́, ó tì í bọ ihò kejì ara àpótí náà, ó sì tẹ́tí sí ohun tí Bàbá ń gbọ́.

Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Maṣíìnì wà níbẹ̀. Lábẹ́ maṣíìnì, ohùn kan tó lọ sílẹ̀ gan-an ń lọ, kò yára, kò dúró. "...ẹsẹ̀ yín á ti tutù, ẹ ò wọ ìbọ̀sẹ̀, ilẹ̀ yìí ò sì dáa fún orúnkún yẹn. Oògùn àárọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ lò ó. Nọ́ńbà méje yìí ò lè gbá bọ́ọ̀lù, mo ti sọ fún yín láti oṣù tó kọjá..."

Ó gbójú sókè. Màmá tẹrí ba mọ́ aṣọ, ètè ẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Kò wo máìkì. Ó dájú pé ó ti gbàgbé pé máìkì wà. Láti oṣù méje ni Ẹnjíníà ti ń rí ètè yẹn tó ń mì bẹ́ẹ̀, ó sì ti gbà pé ojú ìránṣọ ni Màmá ń kà.

"Mo ti ń lọ wọ̀ ọ́!" Bàbá ké, ó sì dìde lọ wá ìbọ̀sẹ̀.

Màmá ta gìrì. Ó wo máìkì, ó wo ẹ̀yìn ọkọ ẹ̀ tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ na aṣọ tán, ó tẹrí ba padà, ètè ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ẹnjíníà rọra yọ hẹ́dìfóònù. Etí ẹ̀ dá ṣáká; tí rẹsítọ̀ kan bá ń ha nínú rédíò ní yàrá iwájú, á ti gbọ́ ọ kó tó wọlé. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín tábìlì ẹ̀ àti maṣíìnì yẹn, síbẹ̀ oṣù méje ni kò fi gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ. Ó fa wáyà tiẹ̀ yọ kúrò lára àpótí, ó ká a, ó sì lọ kó àwọn irinṣẹ́ ẹ̀ nílẹ̀.